Ilé Tí Kò Gbọ́rọ̀ sí Bàbá Lẹ́tà Lẹ́nu

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fi pín lẹ́tà kiri àdúgbò, kò sì sí ọjọ́ kan tí lẹ́tà ẹnì kan ṣèèṣì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, a ò sì tíì rí ẹni tó já a nírọ́. Ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Bàbá Lẹ́tà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, orúkọ náà kò bá a fẹ̀yìn tì.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyàwó rẹ̀ kí òun náà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó gbẹ̀bí títí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Tó bá ti jókòó báyìí, kí ó tó dìde, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, á ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, bí ìgbà tó ń sọ fún aboyún pé kó ti ọmọ. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ìlú míì, wá kí wọn lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń di ògiri mú rìn lọ pa iná, omi lé ròrò sí i lójú. Sátidé tó tẹ̀ lé e ló gbé páálí ńlá kan wọlé.

"Màmá, ẹ ò ní dìde tan iná mọ́ o. Ẹnu lásán lẹ máa fi máa tan án. Mo ti bá oníṣẹ́ iná kan sọ̀rọ̀, á wá tò ó fún yín lọ́jọ́ Ajé."

Bàbá Lẹ́tà gbójú sókè láti ibi tó ti ń ka ìwé ìròyìn. "Oníṣẹ́ iná wo? Ṣé ọwọ́ tèmi ti kán ni?"

"Bàbá, ẹ̀rọ ìgbàlódé ni o."

"Ìgbà wo ni èmi náà wà? Ṣé ìgbà àná lo bá mi?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀ bóyá á gbà á sílẹ̀. Ìyá ní, "Fi sílẹ̀ fún un. Tó bá sú u, á pè ọ́."

Nǹkan pọ̀ nínú páálí yẹn. Ẹ̀rọ olórí kan wà níbẹ̀ tó rí róbótó bí ìdérí ìkòkò. Òun ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀, òun náà ló ń fèsì. Pílọ́ọ̀gì funfun wà níbẹ̀, tí èèyàn á kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí á wá ki wáyà iná tàbí ti fáànù bọ ìdí òun náà. Mọ́tò kékeré kan wà fún fífa kọ́tìnì. Rìmóòtù kan tó ní bọ́tìnnì mẹ́fà sì wà fún ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá sú èèyàn sọ. Ìwé ìtọ́ni tó bá a wá ní ojú ewé mẹ́rìnlélógún. Bàbá Lẹ́tà ka mẹ́sàn-án, ó pa á dé, ó ní ó ti yé òun.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé àti odindi ọjọ́ Sọ́ńdè ló fi tò ó. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, ó ń wá síkúrù tó wà ní àpò ara rẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà sára pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan: iná pálọ̀ ni nọ́ńbà kìíní, fáànù ni ìkejì, kẹ́tùlù tí wọ́n fi ń se omi tíì ni ìkẹta, kọ́tìnì yàrá ni ìkẹrin. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ jókòó, ó dúró sí àárín pálọ̀, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní:

"Ẹ̀rọ, tan iná pálọ̀."

Ẹ̀rọ náà ní, "Mi ò gbọ́ ohun tí o sọ. Jọ̀wọ́, tún un sọ."

Bàbá Lẹ́tà wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀. "Ohun tí ta ni sọ?"

"Mi ò gbọ́ ohun tí o sọ."

"Nọ́ọ̀sì! Wá gbọ́ nǹkan! Kiní yìí ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tá a jọ wọ ilé ìwé lọ́jọ́ kan náà!"

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ilé ìdáná. "Ẹ̀rọ ni, baálé mi. Ibo ló ti fẹ́ mọ ọjọ́ orí yín?"

Kò gbà. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kó sọ fún àwọn tó ṣe é pé wọn ò kọ́ ọ nílé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín débi pé fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì júwe ibi tí wọ́n ti ń yí i padà. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ yẹn ti mọ̀wàhù. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ jọ̀wọ́, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ."

Ọ̀wọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀, àmọ́ etí kò là sí i. Eyín òkè tí dókítà ṣe fún Bàbá Lẹ́tà ló fa sábàbí. Eyín náà fẹ̀ díẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá tí kì í súfèé. Tó bá ní "ṣí kọ́tìnì", afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sọ ọ́ kíkan, ó dojú bo ẹ̀rọ náà bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí fún un. Kò yí padà. Ìyàwó rẹ̀ ń kọjá lọ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, kò tilẹ̀ dúró. Ó ní, "Ẹ̀rọ, ṣí kọ́tìnì," kọ́tìnì sì yà gbàràgàdà.

"Mo ti ṣí i, mà. Ẹ ṣeun, mà."

"Kí lo ṣe fún un?" ni Bàbá Lẹ́tà bèèrè.

"Ohùn tí mo fi ń sọ fún àwọn dókítà kéékèèké pé kí wọ́n lọ fọwọ́ ni mo fi sọ fún un."

Bí Bàbá Lẹ́tà ṣe gba rìmóòtù nìyẹn, tó fi ẹnu sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, wọ́n jókòó bí ọba. Iná ń tàn, iná ń kú, kò sẹ́ni tó dìde.

Ọjọ́ Ajé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ṣì mú ganrínganrín, iná pálọ̀ tàn fúnra rẹ̀. Bàbá Lẹ́tà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo Bàbá Lẹ́tà.

"Ta ló ní kó tàn?"

"Èmi kọ́. Ẹ̀yin lẹ jókòó lé rìmóòtù."

Ó fọwọ́ wá abẹ́ ìdí rẹ̀. Lóòótọ́, ó jókòó lé e. Ó ní kò burú, ìdí òun ló tẹ̀ ẹ́. Ó gbé rìmóòtù sórí tábìlì. Kò pẹ́ tí kẹ́tùlù tí kò ní ju omi ìsàlẹ̀ ago lọ nínú fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tó ń pariwo ní ilé ìdáná. Ìdí ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fáànù kú nígbà tí ooru mú jù. Ọjọ́rú ló wá burú jù. Nọ́ọ̀sì wà ní yàrá, ó ti ká aṣọ sókè dé itan, ó ń fi òróró ra orúnkún. Ṣàà ni kọ́tìnì ṣí láìsí ẹni tó pè é. Ọkùnrin tó ń kó ìdọ̀tí àdúgbò wà lójú fèrèsé gan-an, ó gbé ike ìdọ̀tí dání. Ọmọlúwàbí ni ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán, mà," ó sì yíjú sí ọ̀run bí ẹni tó ń wo bóyá òjò máa rọ̀.

Ariwo tí Nọ́ọ̀sì pa lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní òpin òpópónà.

"Ẹ tú u! Ẹ tú gbogbo rẹ̀ pátá! Orúnkún mi á máa gbé mi lọ pa iná bó ṣe wà!"

Bàbá Lẹ́tà bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó pààrọ̀ bátìrì rìmóòtù. Ó gbé ẹ̀rọ olórí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tún gbé e kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fura sí eku, ó fi fìtílà wo gbogbo abẹ́ àga, owó ẹyọ kan àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti wá tì láti ọjọ́ pípẹ́ ló rí níbẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ pa á, kí ẹ tún tan án."

"Mo ti pa á, mo ti tan án, mo ti pa á títí ó ti rẹ òun náà."

"Ẹ jẹ́ kí n wá rán oníṣẹ́ iná sí yín."

"Ó dàárọ̀," ni Bàbá Lẹ́tà wí, ó pa fóònù.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tojú sú u, ó ṣe ohun tó máa ń ṣe ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ẹnì kan bá mú ẹ̀sùn wá pé lẹ́tà òun sọnù. Ó mú ìwé kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, aago mélòó, kí ló tàn, kí ló kú. Ó kọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ Sátidé, wàhálà ò tó nǹkan. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kò sí rárá. Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́rin lù, iná pálọ̀ tàn. Bó ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ó gbọ́ ohùn dùùrù láti ẹ̀yìn ògiri. Pẹ́nì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti dùùrù yìí. Ilé wọn àti ilé tó tẹ̀ lé e, ògiri kan ló là wọ́n. Obìnrin tó ń gbé ibẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ń tẹ ohun kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀, ó ń ṣì í níbì kan náà. Bàbá Lẹ́tà ti ibi iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó bọ́ bàtà, ó fi kan ògiri gbàgbàgbà. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ò ti kí i mọ́, òun náà sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà.

"Nọ́ọ̀sì," ló wí, "ṣé o rántí pé nọ́ńbà méjìlá méjì ló wà ní òpópónà yìí nígbà kan, kí wọ́n tó tún nọ́ńbà kọ?"

"Kí ló kàn mí pẹ̀lú ìyẹn?"

"Ẹni tí kò mọ àdúgbò á mú lẹ́tà méjìlá tòkè fún méjìlá ìsàlẹ̀. Mo rò pé obìnrin yẹn ní irú ẹ̀rọ yìí, nọ́ńbà kan náà ni tèmi àti tiẹ̀ sì ń jẹ́. Tó bá tan tiẹ̀, tèmi ń tàn."

Ó gbé rìmóòtù, ó fi etí lé ògiri, ó tẹ nọ́ńbà kẹta. Ìṣẹ́jú méjì kọjá. Láti òdìkejì, wọ́n gbọ́ tí Tíṣà kígbe pé, "Ta ló gbé omi kaná?"

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó rí èémí gbà, ó ní, "Ẹ máa lọ kí i."

"Èmi?"

"Àbí èmi ni mo fi bàtà kan ògiri?"

Ọjọ́ kejì, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, Bàbá Lẹ́tà dúró síwájú ilẹ̀kùn Tíṣà, ó ṣí fìlà dání. Tíṣà ṣílẹ̀kùn, ó rí i, ó ká ọwọ́ sáyà.

"Ẹ kú ọ̀sán, Tíṣà."

"Háà, ohùn yín nìyí? Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Àwọn ọmọ ò tíì dé lónìí o, kò sí ohun tí ẹ máa kan ògiri sí."

"Ọ̀rọ̀ ògiri kọ́ ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ iná ni."

Ojú Tíṣà yí padà. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó fa Bàbá Lẹ́tà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ mọ̀ nípa iná mi?"

Kí Bàbá Lẹ́tà tó lanu, ọ̀rọ̀ ti ń tú jáde lẹ́nu obìnrin náà. Ó ní òun ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ó ní láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọkọ òun ti ń wá.

"Ọkọ yín wo?" Ọkùnrin yẹn ti kú láti ọdún méjì. Bàbá Lẹ́tà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán nítorí ìjà.

"Òun náà ni. Orin kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń tẹ̀, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ nígbà ayé rẹ̀, á dìde nínú yàrá, á wá pa iná orí dùùrù, á ní ilé ti ṣú, kí gbogbo yín máa lọ sílé. Láti ọjọ́ Ajé yẹn, tó bá ti di aago mẹ́rin ààbọ̀ tí ọmọ bá ti ń tẹ orin yẹn, pá! Iná á kú. Mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Lánàá mo ní, 'Ó ti tó, mo ti gbọ́, màá pààrọ̀ orin fún wọn.'"

Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá Lẹ́tà wá fojú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìròyìn búburú ló ti fi lé èèyàn lọ́wọ́ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpòòwé ni wọ́n máa ń wà, òun kì í sì í dúró wo ẹni tó ń kà á. Èyí ò ní àpòòwé.

"Tíṣà," ló wí jẹ́jẹ́, "aago mẹ́rin ààbọ̀ ni ìyàwó mi máa ń lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ó máa ń sọ fún ẹ̀rọ wa pé kó pa iná pálọ̀."

Tíṣà wò ó. Ó yíjú wo iná orí dùùrù. Ó tún wò ó.

"Ìyàwó yín ni mo ń bẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá Lẹ́tà ti ń ronú bó ṣe máa sá jáde nígbà tó gbọ́ nǹkan kan tó ń bọ̀ láti ikùn obìnrin náà. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àga dùùrù, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tẹ dùùrù gbìn-ìn, ìyẹn tún dá ẹ̀rín mìíràn sílẹ̀. Ó ń nu ojú, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló wà nínú omi ojú yẹn.

"Ó kù díẹ̀ kí n máa yin ọkọ mi! Mo ní ikú ti kọ́ ọ ní sùúrù, ó ń jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé ìlà kejì!"

Bàbá Lẹ́tà lọ mú pílọ́ọ̀gì kan wá láti ilé, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Tíṣà. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àbúrò Tíṣà ló ra tiẹ̀ fún un lọ́dún tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó ka ìwé rẹ̀. Tíṣà fi awò sójú, ó ṣí ìwé ìtọ́ni, ó dúró ní ojú ewé kẹwàá. Ó kà á sókè: "Bí aládùúgbò yín bá ní irú ẹ̀rọ yìí, ẹ yí àwọn bọ́tìnnì kéékèèké tó wà lẹ́yìn pílọ́ọ̀gì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀." Ó gbójú sókè. "Ẹ ka ìwé yìí?"

"Mo kà á," ni Bàbá Lẹ́tà wí. "Mo ka mẹ́sàn-án."

Wọ́n fi Nọ́ọ̀sì sí òdìkejì pẹ̀lú rìmóòtù. Bàbá Lẹ́tà dùbúlẹ̀ sábẹ́ dùùrù, ó ń fi ìdí pẹ́nì ti bọ́tìnnì tó tò bí eyín sí ẹ̀yìn pílọ́ọ̀gì. Tíṣà ló ń ké sí ògiri.

"Ẹ tẹ kìíní!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́! Ó tàn lọ́dọ̀ mi!"

"Ó tàn lọ́dọ̀ èmi náà!"

"Ṣé kí n tún un tẹ̀?"

"Ẹ dúró! Ọkọ yín ní òun ṣì í!"

"Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn!"

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ fi wọlé, ọmọbìnrin tó tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó rí ẹsẹ̀ àgbàlagbà lábẹ́ dùùrù, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá Lẹ́tà yọ orí jáde. Àwọn méjèèjì mọ ara wọn.

"Ẹ̀yin lẹ fi nǹkan kan ògiri," ni ọmọ náà wí.

"Èmi ni." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kò yẹ kí n ṣe é. Má bínú sí mi."

"Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ burúkú nígbà yẹn."

"Ó burú lóòótọ́," ni Bàbá Lẹ́tà wí láìronú. Tíṣà yí ojú sí i wàì. "Ṣùgbọ́n ó ti dára gan-an báyìí. A máa ń gbọ́ ọ."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó sí ìdí dùùrù. Nígbà tó fi máa tẹ orin rẹ̀ tán, pílọ́ọ̀gì Tíṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ní nọ́ńbà tiwọn. Nọ́ọ̀sì tẹ kìíní lọ́dọ̀ ara rẹ̀, ti Tíṣà kò mira. Ó tẹ ìkejì, ó tẹ ìkẹta. Ó ké láti òdìkejì pé òun ti gbé omi kaná, ilé òun ló sì ti ń hó, kí wọ́n tètè wá mu tíì.

Tíṣà wá mu tíì lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń wá láti ìgbà náà. Nọ́ọ̀sì ń jókòó, ó ń pàṣẹ, ilé ń gbọ́. Kọ́tìnì yàrá nìkan ló ní òun ò fẹ́ mọ̀ mọ́. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ mọ́tò rẹ̀, ó fi í sínú páálí. Ọkùnrin tó ń kó ìdọ̀tí ṣì ń kí i, àmọ́ òkèèrè ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkí báyìí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ó dà bíi pé Bàbá Lẹ́tà á sinmi, àbí? Tíṣà ti lọ ra aago ẹnu ọ̀nà kan tí kò ní wáyà. Bàbá Lẹ́tà bá a gbé e kọ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó ka gbogbo ojú ewé ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún un kà. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá tẹ aago yẹn, rédíò ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ní òdìkejì òpópónà ló ń dákẹ́. Lánàá, mo rí Bàbá Lẹ́tà tó gbé ìwé kékeré rẹ̀ dání tó ń sọdá títì lọ bá a.